Ìwé Kẹrin Tí Wọn Ò Kà Tán

Nígbà tí a sin Ìyá àgbà mi tán ní Ṣàbẹ́, ìlú wa ní ilẹ̀ tí Faransé ṣàkóso rí, àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń sọ irú ẹni tí Ìyá àgbà jẹ́. Aránṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Abiyamọ tòótọ́. Ọkùnrin kan tilẹ̀ dìde, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ Ìyá Ṣàbí, bí wọ́n ṣe ń pe Ìyá àgbà, òun kò rí i kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni jà. Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tí Ìyá àgbà kò bá jà rí, títí kan adìẹ aládùúgbò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọjọ́ a bá kú làá dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi kò fẹ́ kí Ìyá àgbà mi dère. Olóríkunkun ni wọ́n, ẹnu wọn mú, wọn kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ràn wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà lábẹ́ ìbòòji yẹn ni ìwé. Bóyá wọ́n ti gbàgbé, bóyá ojú ń tì wọ́n. Ó yẹ kójú tì wọ́n. Díẹ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹran ìsìnkú, wà lára àwọn tó dúró wo iná ọjọ́ náà.

Òdìkejì ààlà, ní Nàìjíríà, ni Ìyá àgbà dàgbà sí, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wọn. Iléèwé ìjọ tó wà níbẹ̀ ló kọ́ wọn ní Yorùbá kíkà, kí wọ́n tó padà wálé wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Bàbá àgbà ní tiwọn, ọmọ Bẹsé, abúlé kan nítòsí Ṣàbẹ́, ni wọ́n. Lẹkọ́ọ̀lù, ìyẹn iléèwé Faransé, ni wọ́n lọ, ìyẹn ló sì sọ wọ́n di òṣìṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n lè ka ìwé àṣẹ Faransé láìdánu dúró, ṣùgbọ́n bí a bá gbé Yorùbá síwájú wọn, wọn a máa wò ó bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé àna lójú ọ̀nà oko. Ìyàwó wọn ló kọ́ wọn. Ọ̀pá ìwọnṣọ ni Ìyá àgbà fi ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀, bí Bàbá àgbà bá sì ṣì í kà, ọ̀pá náà a kàn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga tí wọn kò fi pamọ́: "Ọkọ mi ni bàbá yín nínú ilé. Nídìí tábìlì, ọmọ iléèwé mi ni wọ́n."

Ìlú Abẹ́ Àpáta ni orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n fẹ́ràn náà. Mẹ́rin ni, àwọn oníṣòwò aṣọ ló sì ń bá wọn rà á bọ̀ láti Nàìjíríà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ṣe ń jáde. Ìtàn ìlú kan ni tó wà lábẹ́ òkè, tí oòrùn tirẹ̀ ń yọ láti inú ilẹ̀. Ọba ibẹ̀ ní ẹnu méjì: ọ̀kan ń sọ òótọ́, ìkejì ń parọ́, ọba fúnra rẹ̀ kò sì mọ èwo ni èwo mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú náà gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ Onílẹ̀kùn, tó ń gba ohun kan péré lọ́wọ́ àlejò, ìyẹn ìrántí tí àlejò náà fẹ́ràn jù lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ jẹ́ òkúta, wọ ibẹ̀ lọ láti wá ìyá rẹ̀. Ojú ìyá rẹ̀ ni ìrántí tí Onílẹ̀kùn gbà. Ó wá ń wá ẹni tí kò lè dá mọ̀.

Bàbá àgbà gbà pé abẹ́ àpáta ńlá tó dìde lẹ́yìn Ṣàbẹ́ gan-an ni ìlú náà wà. Wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ti wọ ọkọ̀ ojú irin gba ìlú wa kọjá rí, kò kàn sọ̀ kalẹ̀ kí wa ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakú bá ti kọjá, wọn a wálé, wọn a bọ́ fìlà iṣẹ́, Ìyá àgbà a ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kíkà a sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í rọra kà. Wọn a kà á sókè, wọn a dá a dúró, wọn a jà lé e lórí. Àánú ọba ẹlẹ́nu méjì ń ṣe Bàbá àgbà. Ẹ̀yìn Onílẹ̀kùn ni Ìyá àgbà wà ní tiwọn, wọn a sì máa pariwo pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá parọ́ nínú ilé, pé òun kọ́ ló jẹ ẹran, Ìyá àgbà a wò ó lójú. Wọn a ní: "Ẹnu wo lo fi sọ ìyẹn?"

Àdéhùn kan wà láàárín wọn tó le ju àdéhùn ìgbéyàwó lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá kà. Bí wọ́n bá ti kà tán fún ọjọ́ kan, Ìyá àgbà a fi ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì di ìwé náà. Wọn a ta kókó tiwọn, Bàbá àgbà a ta tiwọn, olúkúlùkù ló sì ń tú tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ojúmọ́ kan wà tí Bàbá àgbà rú òfin yìí. Wọ́n gbé ìwé kejì lọ síbi iṣẹ́, wọ́n tú kókó méjèèjì, wọ́n ka díẹ̀ síwájú, wọ́n sì tún un dì. Ìrọ̀lẹ́ ni àṣírí tú. Ẹ̀rín pa Bàbá àgbà kí Ìyá àgbà tó ka ibi tí ẹ̀rín wà. Ìyá àgbà pa ìwé dé pẹ̀lú ariwo. Fún ìgbà pípẹ́, wọn kò bá ọkọ wọn kà, wọn kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín, oúnjẹ tí wọ́n sì ń gbé kalẹ̀ kò ní iyọ̀. Nígbà tí Bàbá àgbà wá kúnlẹ̀, tí àwa ọmọ ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ohun tí Ìyá àgbà sọ ni pé: "Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi tí a jọ ń lọ, ta ni yóò bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ìgbà náà, ìjọba ológun ti gorí àlééfà, wọ́n ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n ní kò sí ọ̀gá mọ́, kámáráádì ni gbogbo wa. Bàbá àgbà á jókòó tán, wọn a ní, "Kámáráádì Àbẹ̀ní, oúnjẹ dà?" Ìyá àgbà a dáhùn láìgbójú sókè, "Kámáráádì kì í sin kámáráádì. Ẹ lọ bù ú." Ẹ̀rín la fi gba ìjọba náà wọlé ní ilé wa. A kò mọ̀ pé kò ní fi ẹ̀rín gbà wá.

Nígbà tó yá, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àjẹ́ àti ìwà àtijọ́ ló ń fa orílẹ̀-èdè sẹ́yìn. Wọ́n ń mú àwọn ìyá arúgbó láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń lù wọ́n títí wọn a fi jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Àárín ìgbà yẹn ni ọmọ aládùúgbò wa, Ìyá Sàmù, kú. Ibà ló pa ọmọ náà. Ilé wa àti tiwọn, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin náà ti ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà lẹ́yìn ògiri yẹn: "Ó tọ́ kó gbà á lọ́wọ́ ọmọ náà! Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀!" Ó ti ń gbọ́ ohùn Bàbá àgbà pẹ̀lú: "Onílẹ̀kùn ti gbà tó! Kí ló tún fẹ́ gbà?" Kò kà á sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó sin ọmọ rẹ̀ tán tí kò rí ẹni di ẹ̀bi rù, ó rántí, ó sì lọ sọ fún ìgbìmọ̀ àdúgbò. Mi ò lè bú u. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló pa Bàbá àgbà mi.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ àdúgbò ló ṣáájú, jándáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá ìjọba, tẹ̀ lé e. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mò ń bá Ìyá àgbà tú ojúrán aṣọ kan tó wọ́.

Olórí ìgbìmọ̀ ní, "Ìyá, ta ni ń jẹ́ Onílẹ̀kùn?"

Ìyá àgbà ní, "Inú ìwé ló wà."

"Níbo ni ẹ ti ń ṣe ìpàdé yín? Abẹ́ àpáta wo?"

"Mo ní inú ìwé ni. Ṣé etí rẹ di ni?"

Irú èsì báyìí kọ́ ni wọ́n ń fún jándáàmù lásìkò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ti di Ìyá àgbà lápá mú. Bàbá àgbà, tí wọ́n wálé wá jẹun, jáde láti yàrá, fìlà iṣẹ́ wà lórí wọn. Wọ́n fi Faransé kí wọn, wọ́n pe ọ̀dọ́kùnrin náà ní kámáráádì, wọ́n sì bọ́ sáàárín.

"Èmi ni mo ni ìwé náà," ni Bàbá àgbà wí. "Èmi ni mò ń kà á sókè, tí obìnrin yìí kàn ń gbè mí. Kò mọ nǹkan kan. Kò mọ̀wé."

Wọ́n gbà wọ́n gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Lójú àwọn yẹn, ẹni tí kò lọ sí lẹkọ́ọ̀lù Faransé kò lè mọ̀wé, pàápàá ìyá àgbàlagbà tó ń ránṣọ. Mo wo Ìyá àgbà. Mo mọ̀ wọ́n, mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ká wọn lára, mo sì rí i bí wọ́n ṣe pa ẹnu mọ́, tí omi dúró lójú wọn tí kò bọ́ sílẹ̀. Wọ́n mú Bàbá àgbà lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni Ìyá àgbà sọ fún mi pé: "Nínú gbogbo irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi láyé, ìyẹn nìkan ló dùn mí, òun náà ló sì gba ẹ̀mí mi là."

Wọ́n ti Bàbá àgbà mọ́lé. A ń gbé oúnjẹ lọ, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, a kò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni olórí ìgbìmọ̀ padà wá. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ìwé ni lóòótọ́, kí ìyàwó kó wọn jáde síwájú gbogbo ìlú, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun wọ́n, kó sì kọ ìwà àtijọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ rẹ̀ á wálé. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò gbé ọkọ náà lọ sí Kùtọnu. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń gbé lọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè bọ̀, àwọn mìíràn kì í sì í bọ̀ rárá. Ìyá àgbà ní, "Lọ́la."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá àgbà kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì. Àárín ìwé kẹrin ni àwọn méjèèjì kà dé kí wọ́n tó mú Bàbá àgbà. Òun ni ìwé ìkẹyìn, inú rẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá Mojí rí ìyá rẹ̀, bóyá Onílẹ̀kùn dá nǹkan ẹni padà. Àbúrò wọn obìnrin, Ìyá Ràbí, wá jókòó tì wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú u," ni Ìyá Ràbí wí. "Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ẹ ka èyí tó kù, ó kéré tán, bí Bàbá Ṣàbí bá dé, ẹ ó rí nǹkan sọ fún wọn."

"Kókó tèmi nìkan ni mo lè tú."

"Ẹ tú méjèèjì! Ta ni yóò mọ̀?"

Ìyá àgbà ní, "Èmi."

Lọ́jọ́ kejì, ní pápá iwájú iléèwé, Ìyá àgbà fi ọwọ́ wọn sọ ìwé náà síná, èkínní, èkejì, ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ìkẹrin tòun ti ọ̀já méjèèjì. Ìwé tó nípọn kì í tètè jó. Etí rẹ̀ ló ń dú, àárín rẹ̀ a sì funfun síbẹ̀, olórí ìgbìmọ̀ ń fi igi yí i. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo di ìró wọn mú, wọn kò sunkún. Nígbà tí a ń lọ sílé ni wọ́n tó bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní: "Àṣàkẹ́, bó o bá ti ń rìn, má wo ẹ̀yìn, wọ́n á rò pé ó dùn wá."

Wọ́n dá Bàbá àgbà sílẹ̀ lóòótọ́. Etí wọn ọ̀tún ti di, wọ́n ń tiro, ìtọ̀ wọn sì ti di pupa. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbà wẹ̀ wọ́n, wọ́n fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn wọn, wọ́n gbé ẹ̀kọ síwájú wọn. Bàbá àgbà kò fọwọ́ kan ẹ̀kọ náà.

Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe parí?"

"Kí ni?"

"Ìwé kẹrin. Wọ́n sọ fún mi pé o ti sun ún. Báwo ló ṣe parí?"

"Bàbá Ṣàbí, mi ò kà á. Ẹ̀yin lẹ ta kókó yín sí i."

Bàbá àgbà wò wọ́n títí. Mo rò pé ẹ̀rín ni wọn yóò rín. Ojú wọn ṣókùnkùn.

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń nà mí, ohun tí mò ń rò ni pé ìwọ ti kà á. Mo ní bí mo bá dé, Àbẹ̀ní á sọ fún mi. Ohun tó gbé mi dúró nìyẹn. O wá jókòó ti ìwé, o ń ṣọ́ kókó!"

Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà láàárín wọn bàjẹ́. Èèyàn lè dárí ji ẹni tó rú àdéhùn. Báwo ni o ṣe máa dárí ji ẹni tó pa àdéhùn mọ́? Bàbá àgbà bẹ gbogbo oníṣòwò aṣọ pé kí wọ́n bá wọn wá ìwé náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí iná, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ìjọba ti ààlà pa. Bàbá àgbà ń lọ sóko kajú ní Bẹsé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, wọ́n ń to òpin ìtàn náà pọ̀ lóríṣiríṣi, kò sì sí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé irọ́ ni ìyàwó àwọn ń pa. "O kà á," ni wọ́n máa ń wí. "Ta ló lè mú u lọ́wọ́ tí kò ní kà á? O kà á, o fẹ́ fi jẹ mí níyà ni." Ìyá àgbà a máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lọ. Àwọn tí wọ́n ti ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ rí, ilé wọn wá dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ bí Ìyá Sàmù ṣe ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.

Ìgbà ọyẹ́ kan ni ara Bàbá àgbà wú. Ìpalára ìgbà tí wọ́n nà wọ́n ni, kò lọ rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, èmi ni mo gbé omi wọlé. Ìyá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ní ìhà etí tó ṣì ń gbọ́ràn.

Bàbá àgbà ní, "Àbẹ̀ní, mò ń lọ. Sọ fún mi. Mo bẹ̀ ọ́."

Ìyá àgbà sún mọ́ etí náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo kà á."

Wọ́n sì sọ òpin rẹ̀. Wọ́n ní Mojí dúró níwájú ọba, ó mú abẹ́rẹ́, ó fi ọwọ́ òkúta di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba mú, ó rán ẹnu kan pa, ojúrán rẹ̀ kéékèèké, ó sì dúró ṣinṣin. Ẹnu tó kù wá sọ pé òun ló ti ìyá rẹ̀ mọ́lé. Wọ́n ní Onílẹ̀kùn ṣí ilé ìṣúra rẹ̀, ó dá ìrántí olúkúlùkù padà, Mojí sì wo ojú àwọn obìnrin tó ń jáde bọ̀, ó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìwé kan kò lè mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nípa ojúrán. Ìtàn ni Ìyá àgbà ń rán bí aṣọ, níwájú mi, láti inú ìrora wọn.

Bàbá àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin. Omi ń dà lójú wọn. Mo rò pé ayọ̀ ni. Wọ́n yíjú sí Ìyá àgbà, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

"Àbẹ̀ní, kí ló dé tí o kò dúró dè mí?"

Ìyá àgbà fi ìró wọn nu omi náà kúrò lójú ọkọ wọn. Kí oòrùn tó yẹ àtàrí, Bàbá àgbà ti lọ.

Ìjọba náà lọ pẹ̀lú, ààlà ṣí, mo dàgbà, mo ń lọ sí Nàìjíríà ra ọjà. Mo sọ fún Ìyá àgbà pé màá wá ìwé kẹrin náà fún wọn. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ bí ẹni pé mo fẹ́ jí nǹkan. "Má wá a kiri. Bó o bá rí i, má gbé e wọ ilé yìí." Mi ò wá a. Mo bínú sí ọ̀dọ́kùnrin olórí ìgbìmọ̀ náà, mo bínú sí Ìyá Sàmù, àwọn ìgbà kan wà tí mo bínú sí Bàbá àgbà pàápàá. Mi ò bínú sí Ìyá àgbà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣọ́ kókó títí dé ìgbà tí wọ́n parọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Ìyá àgbà máa kú, mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ṣàdédé ní, "Àṣàkẹ́, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ, kí n tó kí wọn, màá ti sọ fún wọn pé mi ò kà á."

Mo ní, "Ẹ ó sọ fún wọn, Ìyá."

Wọ́n pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n yíjú sí mi, ojú wọn sì mọ́ kedere, ẹ̀rù ń bà wọ́n bí ọmọdé.

"Bí wọn ò bá gbà mí gbọ́ ńkọ́?"